Mayer Amschel Rothschild: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bàbá tó kó ọfà márùn-ún sínú apó kan

Kò sí bí ọ̀rọ̀ owó ayé ṣe lè bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnìkan má dárúkọ Rothschild. Ẹnìkan á ní àwọn ló ni gbogbo bánkì, ẹlòmíràn á ní àwọn ló ń dá ogun sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ni bàbá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi mí jùlọ nípa bàbá yìí ni mo kó jọ síbí.

Ta ni Mayer Amschel Rothschild gan-an?

Oníṣòwò Júù ni, ọmọ bíbí ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1744, ó sì kú nílùú kan náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1812. Ilé òwò tó dá sílẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ sọ di bánkì ìdílé tó lókìkí jùlọ ní Yúróòpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i: àwọn ọmọ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bàbá lówó kó tó kú, ó lówó dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbé ààfin rí, kò sì joyè kankan tó ju ti oníṣòwò ààfin lọ.

Kí ni ìtumọ̀ Rothschild?

Asà Pupa ni. Àmì tó wà lára ilé ni wọ́n fi ń dá ilé mọ̀ ní àdúgbò àwọn Júù láyé ìgbà yẹn. Bàbáńlá wọn kan tó ń jẹ́ Isaak kọ́ ilé kan ní nǹkan bí ọdún 1567, asà pupa sì ni àmì tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe di ará ilé Asà Pupa nìyẹn, bí àwa náà ṣe ń pe èèyàn ní ọmọ agboolé báyìí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìdílé náà ti kó kúrò nílé yẹn tipẹ́ kí wọ́n tó bí Mayer. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wá rówó ra ilé tó dára díẹ̀, Asà Àwọ̀ Ewé ni orúkọ ilé ọ̀hún. Wọn ò torí ẹ̀ yí orúkọ padà.

Báwo ni ibi tí wọ́n bí i sí ṣe rí?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí, torí ẹni tí kò bá mọ àdúgbò yẹn kò lè mọ bàbá náà.

Judengasse ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Òpópónà àwọn Júù. Ọdún 1462 ni ìgbìmọ̀ ìlú Frankfurt ti fipá kó gbogbo Júù ìlú síbẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 330 lọ. Ìbú rẹ̀, mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá nàgà ní ojú fèrèsé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ ará iwájú ilé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bí Mayer, àwọn èèyàn ibẹ̀ tó nǹkan bí 3,000. Wọn ò gbà kí àdúgbò náà fẹ̀ sí i, nítorí náà ilé ń wọ inú ilé: wọ́n kọ́ ọ sókè, wọ́n kọ́ ọ sẹ́yìn, wọ́n la ilé kan sí méjì. Ilé tí wọ́n bí Mayer sí wà lẹ́yìn ilé mìíràn, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀.

Odi yí i ká, ẹnubodè mẹ́ta ló ní. Wọ́n ń ti í lálẹ́, wọ́n ń ti í lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń ti í nígbà ọdún àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Òfin ìlú ní ìdílé Júù kò gbọ́dọ̀ ju 500 lọ, ìgbéyàwó wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju 12 lọ lọ́dún. Wọn ò gbọdọ̀ dáko, wọn ò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ bá ti gbà á ṣe tiwọn, wọn ò sì gbọdọ̀ najú nínú ọgbà ìtura ìlú. Bí Júù bá jáde, tí ọmọ kékeré lásán bá pariwo mọ́ ọn pé kó bọ̀wọ̀ fún òun, àgbàlagbà yẹn ní láti yà kúrò lójú ọ̀nà, kó ṣí fìlà. Ẹ fojú inú wo bàbá onírùngbọ̀n tó ń ṣí fìlà fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lójú àwa tí ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ayé dorí kodò nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ló dé tí àwọn Júù fi gbówó lérí, mo máa ń dá a lóhùn pé: wọ́n gba oko lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́. Kí ló wá kù fún wọn bí kò ṣe ọjà títà àti owó yíyá?

Ṣé ó jogún owó ni?

Ó jogún díẹ̀. Amschel Moses, bàbá rẹ̀, ń pààrọ̀ owó, ó sì ń ta aṣọ. Iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ṣéńjì ní bọ́dà ń ṣe lónìí ni, torí ìjọba kéékèèké ló pọ̀ ní Jámánì nígbà náà, oníkálùkù pẹ̀lú owó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀, ní ọdún 1755 sí 1756, bàbá kú, ìyá náà kú. Mayer ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Wọ́n ti rán an lọ sí ìlú Fürth kó lọ kọ́ Tora, ìwé òfin àwọn Júù. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ò sì bá a délẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sí Hanover, ó kọ́ṣẹ́ nílé Wolf Jakob Oppenheim. Ibẹ̀ ló ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò kà sí: owó àtijọ́. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń ná o. Owó wúrà àti fàdákà ayé ọjọ́un tí àwọn ìjòyè ń kó jọ bí àwa ṣe ń kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn jọ. Nígbà tó padà sí Frankfurt ní nǹkan bí ọdún 1764, òwò yẹn ló dì mú. Ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ tó to àwọn owó náà àti iye wọn sí, ó ń fi ránṣẹ́ káàkiri sí àwọn ìjòyè tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ó máa ń tà fún àwọn èèyàn ńlá ní owó pọ́ọ́kú. Èrè ibẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ààfin ṣí. Ọmọ ọba Wilhelm ti Hanau wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Lọ́dún 1769, Mayer kọ̀wé sí i, ó bẹ̀ ẹ́ kó fún òun láṣẹ láti máa jẹ́ oníṣòwò ààfin. Ọmọ ọba gbà. Mayer gbé pátákó kọ́ síwájú ilé, ó kọ oyè náà sí i. Owó oṣù kankan ò tẹ̀lé e, àmọ́ oníṣòwò mọ iyì pátákó.

Wọ́n ní owó ọba kan tó sá lọ ni Mayer fi dolówó. Ṣé òótọ́ ni?

Apá kan rẹ̀ jóòótọ́, ìyókù àdàlù ni.

Wilhelm yìí jogún ilẹ̀ Hesse-Kassel ní ọdún 1785, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olówó jùlọ láàárín àwọn ọba Yúróòpù. Báwo ni ìdílé rẹ̀ ṣe rí owó náà? Ọmọ ogun ni wọ́n ń yá fúnni. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira, ọ̀dọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti háyà àwọn sójà Hesse. Owó ẹ̀jẹ̀, ká má tàn ara wa.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíńtín ni iṣẹ́ tó ń kan Mayer nínú owó yìí. Àwọn bánkì Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ńlá ló ń jẹ èyí tó pọ̀. Ohun tó yí i padà ni ọ̀rẹ́ tó bá Buderus ṣe, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àpò ọba. Ní 1806 àwọn ọmọ ogun Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, dé, Wilhelm sì na pápá bora. Ìtàn tí wọ́n wá ń sọ káàkiri ni pé ó kó gbogbo ìṣúra rẹ̀ fún Mayer, tí ìyẹn sì rì í mọ́ inú àgbàlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí díẹ̀ ló bá wọn tọ́jú. Iṣẹ́ gidi tí Mayer àtàwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n ń gba èlé owó tí ọba ti yá àwọn ìjòyè, wọ́n ń bò ó mọ́ àwọn Faransé lójú, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kí Nathan ọmọ rẹ̀ fi ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ìgbà tí owó dé ọwọ́ Nathan àti ìgbà tó ra ìwé náà, owó ọba ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ Nathan. Àtàrí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní 1809 ọlọ́pàá ya wọ ilé wọn ní Frankfurt, wọ́n wá gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n fọ̀rọ̀ wá tọkọtaya àtàwọn ọmọ lẹ́nu wò. Wọn ò rí nǹkan gúnmọ́ kan mú.

Ìyàwó mélòó ló fẹ́? Ọmọ mélòó ló bí?

Ìyàwó kan, Gutle Schnapper. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1770. Ìgbà mọ́kàndínlógún ló bímọ. Mẹ́wàá ló dúró: ọkùnrin márùn-ún, obìnrin márùn-ún. Àwọn ọkùnrin ni Amschel, Salomon, Nathan, Carl àti James. Àwọn obìnrin ni Schönche, Isabella, Babette, Julie àti Henriette. Mo dárúkọ àwọn obìnrin náà ní pàtó, torí ọ̀pọ̀ ìwé ò kì í dárúkọ wọn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Gutle gbẹ́yìn ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ilé bí ààfin káàkiri Yúróòpù, ìyá kọ̀, kò kúrò ní Judengasse títí tó fi kú ní 1849, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìtàn kan wà nípa rẹ̀ tí mi ò lè fò: dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé pé òun ò lè sọ ọ́ di ọmọdé padà, ìyá ní òun ò bẹ̀ ẹ́ kó sọ òun di ọmọdé, kó ṣáà jẹ́ kí òun túbọ̀ dàgbà ni.

Ṣé bàbá ló pín àwọn ọmọ sí ìlú márùn-ún?

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bíi pé ó jókòó lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí ìlú márùn-ún. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ló wáyé. Nathan ló kọ́kọ́ lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ nígbà tó dàgbà, oníṣòwò aṣọ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Frankfurt, ó ń ṣe fọ́ńté, ó sì kọ̀ láti fi àwòṣe aṣọ rẹ̀ hàn án. Nathan sọ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé òun ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti gbéra. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Manchester ló dúró sí láti ra aṣọ níbi tí wọ́n ti ń hun ún, ẹ̀yìn ìyẹn ló kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. James dé Paris ní 1811. Lẹ́yìn ikú bàbá ni Salomon tó fìdí kalẹ̀ sí Vienna àti Carl sí Naples, ní nǹkan bí 1820 àti 1821. Amschel, àkọ́bí, ló dúró ti ilé.

Ohun tí bàbá fi lélẹ̀ ni ìwé kíkọ. Wọ́n ń kọ̀wé síra wọn ṣáá, ní Jámánì ti àwọn Júù, ṣùgbọ́n lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ọlọ́pàá tó bá já ìwé náà lójú ọ̀nà, bíi kó máa wo ojú ọpọ́n Ifá tí kò kọ́. Inú ìwé wọ̀nyẹn kì í ṣe ìfẹ́ nìkan o: wọ́n ń jà, Nathan ń pàṣẹ bíi ọ̀gágun, àwọn tó kù ń ráhùn.

Kí ló wà nínú ìwé ìhágún rẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ títí dòní?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1810. Lọ́dún yẹn ló sọ ilé òwò di Mayer Amschel Rothschild àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà 50. Bàbá mú 24, Amschel 12, Salomon 12, Carl 1, James 1. Nathan ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Napoleon àti Gẹ̀ẹ́sì ń jagun lọ́wọ́, Frankfurt sì wà lábẹ́ agbára Faransé. Ta ló fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ní alájọṣe ní Lọ́ńdọ̀nù? Ìdajì ìpín bàbá, ìyẹn 12, ti Nathan ni, wọ́n kàn fi bàbá bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí bàbá kú, ó kọ ìwé ìhágún tuntun. Ó ta ìpín rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọkùnrin ní 190,000 gulden (owó tí wọ́n ń ná ní Frankfurt nígbà náà), iye tó kéré púpọ̀ sí ohun tó tọ́. Ó ní àwọn ọmọbìnrin, ọkọ wọn àti àrọ́mọdọ́mọ wọn kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú òwò náà, wọn ò gbọdọ̀ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wo ìwé ìṣirò. Ọmọ tó bá ta kò ó, ohun tó kéré jùlọ tí òfin fàyè gbà ni yóò gbà. Ó sì rọ gbogbo wọn kí wọ́n wà ní ìṣọ̀kan.

Ọmọ Yorùbá tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín ogún mọ ohun tó ń sá fún. Ẹ pín in ní ìdí-igi, ẹ pín in ní orí-ò-jorí, bó ti wù kí ẹ pín in, ilé òwò ti túká: ṣọ́ọ̀bù kan fún ẹni yìí, mọ́tò kan fún ẹni tọ̀hún, nígbà tó bá fi máa tó ọdún mẹ́wàá, pátákó bàbá ti bọ́ sílẹ̀. Mayer ò jẹ́ kí wọ́n pín in rárá. Ó so ó bí ìgbálẹ̀.

Àmọ́ àwọn obìnrin ló san owó okùn tó fi so ó. Gutle gba owó, àwọn ọmọbìnrin náà gba owó, ṣùgbọ́n igi tó ń so èso, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Lábẹ́ àṣà wa, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀. Èmi ò lè pe ohun tí Mayer ṣe yẹn ní ọgbọ́n kí n má fi kún un pé ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀. Ìrẹ́jẹ ọ̀hún sì wà lára ohun tí ilé òwò náà fi pẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fẹ́ ara wọn?

Òótọ́ ni. James fẹ́ Betty, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Salomon, ní 1824. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ Mayer ló fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò bàbá wọn. Èèwọ̀ ńlá ni lọ́dọ̀ wa, ara mi bù mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Òfin Júù ò lòdì sí i, ìdílé ọba Yúróòpù pàápàá ń ṣe é. Owó má bàa jáde nílé ni.

Nathan ńkọ́, tó fi irọ́ nípa ogun Waterloo kó owó ayé jọ?

Ìtàn yẹn sọ pé Nathan mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ti borí Napoleon ní Waterloo lọ́dún 1815, ó wá díbọ́n bíi pé wọ́n ti ṣẹ́gun wọn, gbogbo ọjà ìwé owó ní Lọ́ńdọ̀nù sì wó, ó wá rà á tán ní owó pọ́ọ́kú. Ìwé àtakò kan tí wọ́n tẹ̀ ní Paris ní 1846 ló tàn án kálẹ̀, ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ogun náà, ìgbà tí Nathan ti kú lọ́dún mẹ́wàá. Ìjọba Násì ti Hitler ní Jámánì fi ṣe fíìmù ní 1940 kí àwọn èèyàn lè kórìíra Júù. Iṣẹ́ tí Nathan ṣe gan-an ni pé ó ń wá wúrà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi san owó ọmọ ogun Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti kó wúrà jọ de ogun tó máa pẹ́. Ogun wá parí lójijì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o sí gbèsè.

Mayer fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú Waterloo.

"Ẹ fún mi láṣẹ lórí owó orílẹ̀-èdè, mi ò bìkítà ẹni tó ń ṣòfin." Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí?

Kò sí ibi tí wọ́n ti rí i nínú ìwé tàbí lẹ́tà rẹ̀ kankan. Àwọn tó gbẹ́yìn ayé rẹ̀ jìnnà ló fi sí i lẹ́nu. Ìkan náà ni pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp pé Rothschild ló ni bánkì àpapọ̀ Nàìjíríà. Òfin ọdún 1958 ló dá bánkì yẹn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1959, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni ín.

Ṣé owó ìdílé yìí kan ọ̀rọ̀ ẹrú?

Ó kàn án, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀, ó pinnu láti san 20 mílíọ̀nù pọ́ún-ùn. Kì í ṣe fún àwọn ẹrú o, fún àwọn olówó ẹrú ni. Ní 1835 Nathan àti Moses Montefiore, olówó Júù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣáájú àwọn tó yá ìjọba ní 15 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ọdún 2015 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san ìyókù gbèsè náà tán. Láti 1855, ilé Lọ́ńdọ̀nù kan náà ló ń ṣe aṣojú owó fún ìjọba Brazil, nígbà tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Nagô ṣì wà lóko ẹrú ní Bahia. 1888 ni Brazil tó dá ẹrú sílẹ̀.

Kí ló kù nínú òwò náà lónìí?

Naples kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1863. Frankfurt, orísun gbogbo rẹ̀, tilẹ̀kùn ní 1901 torí pé kò sí ọmọkùnrin tó máa gbà á. Òfin bàbá padà wá mú ilé bàbá. Násì gba ti Vienna ní 1938, wọ́n sì ti Louis Rothschild tó ń darí rẹ̀ mọ́lé fún nǹkan bí ọdún kan. Ìjọba Faransé sọ ti Paris di ti ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ náà sì tún òmíràn dá sílẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà ní New Court, níbi tó ti wà láti 1809. Báńkì ńlá ni síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn bánkì Amẹ́ríkà ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn jìnnà. Ọwọ́ tó di ọfà márùn-ún mú ṣì wà lára àmì oyè ìdílé náà. Ẹni tó bá ka Orin Dáfídì 127 á mọ ibi tí ọfà àti ọmọ ti pàdé.

Bí mo bá dé Frankfurt, kí ni mo lè rí?

Ilé Asà Àwọ̀ Ewé ti lọ. Nígbà tí wọ́n wó Judengasse, wọ́n dá a sí, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìrántí, kí bọ́ǹbù tó run ún ní 1944. Ní 1987, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ọ́fíìsì, wọ́n kan ìpìlẹ̀ àwọn ilé àtijọ́. Márùn-ún nínú wọn wà ní Museum Judengasse báyìí, ẹ lè rìn láàárín wọn. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni itẹ́ òkú àtijọ́ àwọn Júù wà. Àwọn Násì fọ́ ọ̀pọ̀ òkúta ibẹ̀, òkúta Mayer sì wà lára àwọn tó ṣẹ́ kù. Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo ara ògiri tó yí i ká. Irin kéékèèké tó lé ní 11,000 ló jáde lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ Júù Frankfurt kan tí wọ́n pa. Àwọn tó wá kí wọn máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ lé irin náà lórí.